Àṣẹ́kù Aṣọ Ràsáàkì

Aránṣọ náà ń fẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ rẹ̀ lọ kíkankíkan nígbà tí Ràsáàkì oníṣu tún gbé aṣọ tuntun wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ṣakí. Aránṣọ náà fẹ́ yára ká iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ pa mọ́, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù. Aṣọ ìbora ni. Ègé aṣọ kéékèèké onígun mẹ́rin ló rán mọ́ra, aláró, pupa àti olómi ọsàn.

Ràsáàkì tẹjú mọ́ ọn. "Àǹtí télọ̀, àdìrẹ mi kọ́ nìyí? Tẹ́rílìn mi nìyí! Gínì tí mo rà de ọdún Iléyá náà rèé!"

Ojú ti aránṣọ náà, ẹ̀rín sì tún ń pa á. "Ẹ má bínú, Bọ̀ọ̀dá Ràsáàkì. Àṣẹ́kù aṣọ yín ni. Mo máa ń kó ti àwọn yòókù fún wọn. Tiyín nìkan ni mi ò lè dá padà."

"Kí ló dé?"

"Ẹ má bi mí."

Ràsáàkì rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Gbogbo aṣọ tí o rán fún mi, mi ò tíì wọ ọ̀kankan. Inú àpótí ni wọ́n wà. Oko iṣu ni mò ń lọ lójoojúmọ́, kí ni mo fẹ́ fi gínì ṣe níbẹ̀? Ìwọ ni mò ń wá wò."

Aránṣọ náà fi aṣọ ìbora bojú.

"Èyí tí mo gbé wá yìí ńkọ́?" ni Ràsáàkì bi í. "Ṣé kí n gbé e padà sílé?"

"Ẹ gbé e wá," ni ó dáhùn lábẹ́ aṣọ. "Ẹnì kan ṣoṣo ni ìbora yìí ṣì lè bò."