Afọ́jú Kan Péré Ni Basti Ń Fẹ́

Aludùùrù tẹ́ńpìlì Basti, òrìṣà tó ni ológbò, kú, wọ́n sì ń wá afọ́jú mìíràn. Afọ́jú ni òfin wí. Ní àfẹ̀mọ́júmọ́, bí wọ́n bá ń wẹ òrìṣà, tí wọ́n ń wọ̀ ọ́ láṣọ, ojú Olórí Àlùfáà nìkan ló gbọ́dọ̀ rí i. Òun náà kò sì gbọ́dọ̀ ní àbùkù lára. Ìka kan péré ló gé mọ́ ẹni tó jẹ Olórí Àlùfáà ṣáájú Horuja lọ́wọ́, oko àlùbọ́sà ló wà báyìí.

Horuja ní tirẹ̀, ẹni ńlá ni. Kì í wo ojú ẹnikẹ́ni. Bó bá ń rìn, á máa fọwọ́ pa ògiri tẹ́ńpìlì lára, àwọn ará ìlú á ní ìfẹ́ ilé òrìṣà ló ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Ìwé tó bá dé, akọ̀wé ní í kà á fún un. Ta ni yóò ní kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ kàwé fúnra rẹ̀?

Aludùùrù mìíràn kan wà nílùú, Jeho, tó ríran bí àwòdì, ṣùgbọ́n odò kò kún lọ́dún náà, ebi sì wọlé, ló bá ní òun á díbọ́n bí afọ́jú.

"Bí àṣírí bá tú, imú rẹ ni wọ́n máa gé," ni Tadi ìyàwó rẹ̀ wí. "Afọ́jú èrú!"

"Imú tí kò gbóòórùn ẹja díndín láti oṣù mẹ́ta, kí ni mo fẹ́ fi ṣe?"

Àwọn mẹ́ta ló wá du iṣẹ́ náà, Jeho ló ṣìkẹta. Horuja jókòó sí òpin ọ̀nà tóóró kan, ó ní kí wọ́n máa bọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ológbò tẹ́ńpìlì kan na ara sáàárín ọ̀nà, ó ń sùn. Ẹni àkọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ nírù, ológbò han. Ẹnì kejì náà tẹ̀ ẹ́. Ológbò tún padà síbẹ̀, ó ṣáà mọ̀ pé ilé òun ni.

Jeho mọ̀ pé ó yẹ kí òun náà tẹ̀ ẹ́. Ó gbé ẹsẹ̀ sókè. Ṣùgbọ́n ọmọ ìlú Basti ni, ìyá rẹ̀ a máa fá irun òkè ojú ṣọ̀fọ̀ nígbàkúùgbà tí ológbò bá kú nílé wọn. Ẹsẹ̀ kọ̀, ó ré kọjá. Ológbò kò han.

"O ti dé bí?" ni Horuja bi í.

"Mo ti dé, Bàbá." Jeho fọwọ́ kan imú rẹ̀, ó ń dágbére fún un.

"Ìwọ ni mo mú. Ẹ fún àwọn yòókù ní búrẹ́dì."

Aṣọ́nà kan tó ń wò wọ́n fò dìde. "Bàbá, ẹ dákun, ọkùnrin yìí yẹ ológbò sílẹ̀ o!"

"Òrìṣà ló darí ẹsẹ̀ rẹ̀. Àbí ìwọ lo fẹ́ kọ́ Basti níṣẹ́?"

Ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ kejì, Jeho gbé dùùrù wọ yàrá òrìṣà. Ó dá a lójú pé ọ̀bẹ ló ń dúró de òun níbẹ̀. Horuja tilẹ̀kùn. Ṣẹ́rẹ́ idẹ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ń ró ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́.

Horuja gbé ṣẹ́rẹ́ sílẹ̀, ó ń táràrà títí ó fi di Jeho léjìká mú, ó ní, "Ọmọ mi, ìwọ tó o rí ológbò, jọ̀ọ́, mú mi lọ bá òrìṣà, ó pé ọdún méjì tí mi ò ríran mọ́."