Òróró Kíki

Lọ́dún 1953, ní Sakété, Fálúyì tó ń tún ọkọ̀ ṣe tan kámíọ́n ògbólógbòó kan, ó sì dúró tì í títí ẹ́ńjìnì fi gbóná. Bó ti gbóná tán, ọwọ́ aago tó ń fi agbára òróró ẹ́ńjìnì hàn wálẹ̀, nǹkan sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún kò, kò, kò nísàlẹ̀.

Ó fa ọ̀pá ìwọ̀n yọ: òróró pé. Ó pààrọ̀ aago, ọwọ́ tún wálẹ̀. Ó tú òróró sínú abọ́. Irin wẹ́wẹ́ ń dán nínú rẹ̀.

"Irin tí ọ̀pá ẹ́ńjìnì ń yí lé ti gbó tán, Bàbá," ló sọ fún Ṣàmsídéènì, oníṣòwò tó ni ọkọ̀. "Bó bá gbẹ́rù dé Pobè lẹ́ẹ̀mejì, á gan, kò sì ní yí mọ́."

Ṣàmsídéènì kò wò ó lójú. "Bonaventure alágbàtà ti bá mi rí ẹni tó fẹ́ rà á. Obìnrin kan ní apá Pobè ni, èmi ò tíì rí i. Ó ti ta oko ọ̀pẹ rẹ̀ tìtorí ẹ̀. Kò tilẹ̀ ní òun fẹ́ wo ọkọ̀. Ó kàn béèrè bóyá ìwọ Fálúyì ti yẹ̀ ẹ́ wò."

Inú Fálúyì dùn pé orúkọ òun dé Pobè, ó sì bà jẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká sọ fún un, Bàbá."

"Nígbà tí bàbá rẹ kú, ta ló fi ọ́ síṣẹ́? Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni."

Fálúyì da òróró kíki, irú èyí tí wọ́n ń dà sí irin tó ń yí táyà ẹ̀yìn, sínú ẹ́ńjìnì. Ọwọ́ aago gòkè. Ariwo náà dákẹ́, àmọ́ irin tó ti gbó ṣì wà níbẹ̀. Bonaventure alágbàtà wá gbọ́ bí ẹ́ńjìnì ṣe ń dún.

"Ṣé o fọwọ́ sí i?"

"Mo fọwọ́ sí i," ni Fálúyì wí.

Ọjọ́ mẹ́ta kọjá. Ojú ara rẹ̀ ń tì í. Ó ń ro obìnrin náà lójú ọ̀nà Ahoyéyé tó lọ sí Pobè, tòun ti ẹrù ekùrọ́ àti ọkọ̀ tó gan. Lọ́jọ́ kẹrin, ó pinnu pé òun á sọ òtítọ́ fún un, kí Ṣàmsídéènì bínú bó ṣe fẹ́.

Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Bonaventure, níbi tí kámíọ́n wà, obìnrin náà ti sanwó ọkọ̀ tán.

"Ó wà lẹ́yìn ọkọ̀," ni Bonaventure wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ó ní kí n má sọ ẹni tóun jẹ́ títí wàá fi dé."

Fálúyì yí lọ sẹ́yìn kámíọ́n láti dọ̀bálẹ̀ bẹ̀ ẹ́, ìyá rẹ̀ sì dìde nínú òjìji, ó fi kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́: "O ti tún ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ ṣe tó, ọmọ mi, tìẹ rèé."