Adájọ́ Kòkòrò

Nígbà tí ọgbẹ́ àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ní wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin kọ̀ tí kò jinná, Adájọ́ Kòkòrò ni ọ̀gá dókítà ránṣẹ́ pè. Obìnrin yìí ni olórí yàrá àyẹ̀wò ilé ìwòsàn náà. Àwọn òṣìṣẹ́ ló sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀, nítorí kì í kí ènìyàn kó tó bi í pé ìgbà wo ló fọwọ́ kẹ́yìn. Ó fẹ́ràn orúkọ náà ju èyí tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ lọ.

Ó wọ wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin lọ, bó ti máa ń ṣe láràárọ̀. Wọ́ọ̀dù àwọn ọkùnrin jìnnà sí yàrá àyẹ̀wò, kì í sábà ráyè débẹ̀, wọn ò sì ní ìṣòro kankan níbẹ̀. Ní ibùsùn kọ̀ọ̀kan, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fa ìbòmú rẹ̀ sísàlẹ̀, ó gbóòórùn ọgbẹ́ náà dáadáa kó tó fi òwú nù ún fún àyẹ̀wò. Láti ìgbà tó ti ń kọ́ṣẹ́ ni imú rẹ̀ ti mọ àwọn kòkòrò yàtọ̀ síra. Ọ̀kan ń rùn bí èso àjàrà tó ti ń bàjẹ́, òmíràn bí ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí.

“Maikirosikóòpù lè tàn mí,” ó sọ fún àwọn nọ́ọ̀sì, “imú mi ò tàn mí rí.”

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ẹni tó rẹ́rìn-ín kẹ́yìn, ńṣe ló ní kó lọ tún ọwọ́ fọ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ohun tó wà lára òwú ti hù nínú àwo àyẹ̀wò, tó-tò-tó, ó ń dán bíi góòlù. Ó kó gbogbo òṣìṣẹ́ jọ, ó sì fi sùúrù là wọ́n lóye. Bakitéríà kọ́ ni ọ̀tá, ó ní. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń bá wa gbé láìdí wa lọ́wọ́. Ti aláwọ̀ góòlù yìí, inú imú ẹni tí ara rẹ̀ le ló fẹ́ràn jù. Onítọ̀hún kò ní sín, kò ní wúkọ́. Ayálégbé tí kì í bá onílé jà ni, ilé aládùúgbò ló máa ń dáná sun. Ẹnìkan nínú ilé ìwòsàn yìí ló ń gbé e kiri.

Obìnrin kan wà tí ibà ọgbẹ́ rẹ̀ ò tíì lọ sílẹ̀, àwọn ẹbí rẹ̀ sì ti ń pariwo lẹ́nu géètì. Ọ̀gá dókítà ní ẹnikẹ́ni tí ọ̀rọ̀ náà bá já lé lórí, ilé ló ń lọ. Dókítà oníṣẹ́ abẹ ní oògùn kan wà tí wọ́n ń fi sí imú tó lè lé kòkòrò náà jáde. Ọ̀gá dókítà fèsì pé ìdájọ́ yá ju oògùn lọ.

Adájọ́ Kòkòrò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Dókítà oníṣẹ́ abẹ kùn pé láti ìgbà tí wọ́n ti já òun lẹ́nu ọmú, ẹnikẹ́ni ò fi nǹkan bọ òun nímú mọ́.

“Imú yín ò tóbi ju òfin lọ, sà,” ó dáhùn.

Ó nu imú alásè, ó nu imú agbálẹ̀, ó nu imú ọ̀gá dókítà fúnra rẹ̀. Nígbà tó parí, kò sí imú kan níwájú rẹ̀ tí òwú ò tíì wọ̀.

Àwo kan ṣoṣo ni góòlù hù nínú rẹ̀, ti àbúrò rẹ̀ sì ni. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú ọgbẹ́ ni àbúrò yìí, inú ilé kan ni wọ́n ń gbé, aṣọ ìnujú kan ni wọ́n sì jọ ń lò láti kékeré.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni àbúrò kúnlẹ̀ nínú ilé ìdáná. “Àǹtí, mi ò yọ ìbòmú mi rí nídìí aláìsàn. Ẹ bá mi tún àyẹ̀wò yẹn ṣe. Iṣẹ́ tí mo fi ń tọ́ ọmọ mi nìyí.”

“Bí mo bá tún un ṣe fún ẹ, wọ́n á ní mò ń ṣojúsàájú.”

“Ta ló máa sọ bẹ́ẹ̀?”

“Èmi náà á sọ ọ́.”

Ó sunkún díẹ̀, ó bọ́jú, ó nu ojú náà gbẹ, ó sì lọ fi ẹjọ́ àbúrò rẹ̀ sùn.

Wọ́n lé àbúrò lọ. Wọ́n pe Adájọ́ Kòkòrò jáde ní gbọ̀ngàn, wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ nítorí pé kò fi ti ẹ̀jẹ̀ ṣe, wọ́n sì fún un ní ìsinmi. Ó ní ẹ̀gbọ́n kì í fi àbúrò sílẹ̀ nínú ìtìjú, ó bá a lọ sí ìlú tí ilé ìyá wọn wà. Níbẹ̀, àbúrò jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá wọn, ó ń rán aṣọ ọmọ iléèwé. Kò dé sàkáání aláìsàn kankan mọ́. Ẹ̀gbọ́n ò lè jókòó lásán. Ilé ìwòsàn kékeré kan wà ní ìkangun òpópónà wọn, àwọn yẹn gbọ́ òkìkí rẹ̀, wọ́n bẹ̀ ẹ́ kó máa wá kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì wọn ní ìmọ́tótó. Ó ń bá wọn yẹ ọgbẹ́ wò láràárọ̀.

Ọ̀gá dókítà pè é lórí fóònù. Ó ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti lé àbúrò rẹ̀ ni gbogbo ọgbẹ́ ti ń jinná, obìnrin oníbà yẹn pàápàá ti fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn délé.

“Ṣé o gbọ́?” ẹ̀gbọ́n bi àbúrò rẹ̀. “Kì í ṣe pé mo kórìíra rẹ.”

Àbúrò ń ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́.

Ẹ̀gbọ́n ò tíì gbé fóònù sílẹ̀ tí nọ́ọ̀sì àgbà ilé ìwòsàn kékeré náà fi kan ilẹ̀kùn, tó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀wọ́ wá bá àwọn wá ẹni tó gbé kòkòrò wọlé, nítorí láti bí ọ̀sẹ̀ tó ti ń bá wọn yẹ ọgbẹ́ wò, kò sí ọgbẹ́ kan ní wọ́ọ̀dù àwọn tí kò yọ ọyún.