Ọ̀kẹ́rẹ́ àti Iṣẹ́ Ilé Erin

Ẹ múra ègbè o! Àlọ́ mi fò títí, ó bà lé Ọ̀kẹ́rẹ́ lórí.

Ọdún kẹta rèé tí Ọ̀kẹ́rẹ́ ti jáde ilé ìwé gíga, kò ríṣẹ́. Nígbà tí Erin ní òun ń wá akọ̀wé kan ṣoṣo, tó pe àwọn ẹranko tó kàwé fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò lágbo kan náà, ọkàn Ọ̀kẹ́rẹ́ fà sí iṣẹ́ yìí débi pé oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ mọ́. Òun àti Ìgbín ọ̀rẹ́ rẹ̀ jọ ń múra. Bí Ọ̀kẹ́rẹ́ ti ń há ìdáhùn sórí ló ń kọrin:

Erin o, gbà mí síṣẹ́,
— Jẹ́ n wọlé.
Ojú ń pọ́n mi, mo ń wọ̀nà,
— Jẹ́ n wọlé.

Lọ́jọ́ náà, Erin ní, "Odò wa ń gbẹ. Ẹ jọ gbèrò ohun tí a ó ṣe, kí n máa gbọ́ yín."

Ọ̀kẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́. Ìgbín la ẹnu, ó ní, "Omi ṣì ń sun ní..." Ọ̀kẹ́rẹ́ gba ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Ó tún là á, Ọ̀kẹ́rẹ́ tún gbà á.

Erin bi Ọ̀kẹ́rẹ́ pé, "Kí ni Ìgbín fẹ́ sọ?"

"N kò mọ̀, Bàbá."

Àgbọ̀nrín, tí òun náà wá wá iṣẹ́ yìí, ní, "Ó fẹ́ sọ ibi tí omi ṣì ti ń sun. Ẹ jẹ́ ó parí rẹ̀, Bàbá."

Àgbọ̀nrín ni Erin gbà síṣẹ́.

Bí Ọ̀kẹ́rẹ́ àti Ìgbín ti ń darí lọ sílé, Ọ̀kẹ́rẹ́ dúró lójú ọ̀nà, omi lé ròrò sí i lójú. Ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi, má bínú. Níbo ni omi ọ̀hún wà?"

Ìgbín rọra bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. Ọ̀kẹ́rẹ́ jókòó tì í, ó sì gbọ́ ọ títí dé òpin.