Òbókún Nínú Kòtò Omi Òjò

Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó balẹ̀ sétí òkun, ó bá Òbókún níbẹ̀. Òbókún ti ìrìn àjò dé, àmì funfun wínníwínní bò ó lára bí iyọ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ sáré fẹ́ dì mọ́ ọn, àmọ́ Bàbá Alákàn, tó ń ṣọ́ ilé, dí ojú ọ̀nà.

"Kòkòrò nìyẹn, ó sì ń ràn. Kọ́kọ́ lọ wà nínú kòtò omi òjò. Kòkòrò òkun kò fẹ́ omi tí kò níyọ̀."

"Ẹ̀ṣọ́ ni, Bàbá! Ẹ ò mọ fáàrí ni?"

"Fáàrí a máa yúnni? Ó dáa, bí mo bá kọrin tán tí o kò họra, máa wọlé."

*Òbókún, ṣé ara dẹ̀?*
*Ara dẹ̀ pẹ̀sẹ̀!*
*Kò sóhun tó ń jẹ ọ́?*
*Ara dẹ̀ pẹ̀sẹ̀!*

Àwọn ọmọ ló ń gbè é. Kí orin tó parí, Òbókún ti ń fi ìhà ha àpáta. Ojú tì í. Ó wo awọ àwọn ọmọ rẹ̀ tó ṣì fẹ́lẹ́, ó sì wọ kòtò lọ fúnra rẹ̀.

Àràárọ̀ ni Alákàn ń kọrin, tí àwọn ọmọ ń gbè é láti òdìkejì àpáta. Nígbà tó yá, orin parí lọ́jọ́ kan, Òbókún kò mira.

"Ó yá, máa bọ̀ nílé."

Òbókún kò kúrò lójú kan. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kọ, kó dá mi lójú."