Ta Ló Ní Kí Bàbá Dá Oògùn Dúró?

Nọ́ọ̀sì wo ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ Bàbá lẹ́ẹ̀mejì kó tó gbà á gbọ́: 230 lórí 130.

Orí ń fọ́ Bàbá, ojú wọn ń ṣú.

Dókítà ń fi oògùn sí wọn lára díẹ̀díẹ̀. Ó ní bí ìfúnpá bá já wálẹ̀ lójijì, ẹ̀jẹ̀ ò ní dé ọpọlọ bó ṣe yẹ.

Ìyàwó bàbá mi ni èmi ń ṣọ́. Láti àárọ̀, kò wo ojú mi. Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú.

Dókítà bi èmi àti àwọn àbúrò mi pé, "Ta ló ní kí Bàbá dá oògùn wọn dúró?"

Ìyàwó bàbá mi dáhùn pé, "Èmi ni."

"Mo ti fura," ni mo wí. Àwọn àbúrò mi da èébú bò ó.

Nígbà tí ìfúnpá sọ̀ sí 175, ìyàwó bàbá mi fà mí sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó gbé fóònù Bàbá sí mi létí.

Ohùn ara mi, tí mo gbà sílẹ̀ fi ránṣẹ́ sí Bàbá, ni mo gbọ́.

"Bàbá, wọ́n ní oògùn yẹn ń ba kíndìnrín jẹ́. Ẹ má lò ó mọ́."

Ó gba fóònù padà. "Ìwọ làwọn àbúrò rẹ ń gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu. Jẹ́ kí wọ́n máa bínú sí mi."