Ráútà Pupa tí Morákinyọ̀ Rà

Àléébù kan ṣoṣo ni Morákinyọ̀ ní: ó fẹ́ kí gbogbo ayé máa gbọ́ òun, òun fúnra rẹ̀ kì í sì í gbọ́ ti ẹnikẹ́ni. Tó bá ń kan ìṣó, ẹni tó wà ní òpin àdúgbò gbọ́dọ̀ mọ̀ pé òun ló ń kàn án.

Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, kíláàsì kẹta ni mo ti sá kúrò nílé ìwé. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi yìí ti dé ibi tí tíṣà mi ò dé. Mo ti fi ibùdókọ̀ Jíbówú ṣe ilé, mo ti dé Kútọnu, mo ti dé Kánò, mo sì ti rí káfíńtà ní ìlú mẹ́tàdínlógún. Mi ò rí èyí tó mọ òdòdó gbẹ́ sára ilẹ̀kùn bíi Morákinyọ̀ Mùṣín. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ni oúnjẹ ilé rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, Alàájì kan ní Súrùlérè gbé iṣẹ́ ilẹ̀kùn méjìlá fún un, gbogbo rẹ̀ olódòdó. Ó ní, "Tí wọ́n bá dáa, ìwọ náà lo máa ṣe ti ilé mi mẹ́ta tó kù." Ọwọ́ lásán ò lè ṣe iṣẹ́ yẹn kó tètè parí. Àkàngbé, àgbà káfíńtà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara kan tirẹ̀, ló ní kó ra ráútà kékeré, ẹ̀rọ tó ń gbẹ́ igi tó ṣeé fi ọwọ́ kan dì mú. Àwọn méjèèjì jọ lọ sọ́dọ̀ Àǹtí Lubabah tó ń ta irinṣẹ́ nítòsí Ládìpọ̀.

Àǹtí Lubabah gbé méjì sórí tábìlì. Iye kan náà ni wọ́n. Àkọ́kọ́ ní àwọ̀ eérú, kò wuni. Ó tàn án, ó bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó fa wáyà rẹ̀ yọ lára iná, ẹ̀rọ kú. Ó tún wáyà kì bọ̀ ọ́, ẹ̀rọ ò mira.

"Ẹ rí i, ẹ̀gbọ́n," ó ní. "Tí iná bá lọ tó sì dé, kò ní dá ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Àfi tẹ́ ẹ bá tún un tàn."

Ìkejì pupa, ó ní gílóòbù wínníwínní lẹ́nu. Bó ṣe tàn án, gbogbo ọjà yíjú. Ó fa wáyà yọ, ó tún un kì bọ̀ ọ́, ẹ̀rọ náà ké tòò, ó sì fò lórí tábìlì. Àkàngbé fò sẹ́yìn.

Morákinyọ̀ rẹ́rìn-ín títí. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti ń sá fún irin! Èyí gan-an ni mo fẹ́."

"Morákin, iná àdúgbò wa ń lọ, ó ń bọ̀ bí ẹni ń ṣeré. Eléérú yẹn ni kóo mú."

"Èyí tó ń kùn yìí? Ṣé bábà ni mí ni? Àwọn ará Mùṣín á rò pé orí ni mò ń fá!"

Àǹtí Lubabah ń di ẹrù, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, tí iná bá ti lọ, ẹ yọ wáyà kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ẹnu rẹ̀ o."

"Àǹtí, ẹ ṣáà di í fún mi."

Ráútà pupa kọ́kọ́ gbé e ga. Ariwo rẹ̀ gba àdúgbò, àwọn tó ń kọjá ń dúró wòran. Ní gbogbo ìgbà tí iná bá lọ, Àkàngbé á yọjú: "O ti yọ wáyà?" Morákinyọ̀ á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ lọ jókòó jàre." Nígbà tó yá, ó sú Àkàngbé. Kò yọjú mọ́.

Ilẹ̀kùn kẹwàá ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́rú kan tí iná fi lọ. Ó ní kí òun fi àkókò yẹn pààrọ̀ abẹ ẹnu ẹ̀rọ, kóun lè gbẹ́ ewé. Kò yọ wáyà. Kò pa á. Ó fi orúnkún há ẹ̀rọ náà, ó fi ọwọ́ òsì mú sípánà, ó fi tọ̀tún di abẹ mú.

Gbogbo àdúgbò pariwo, "Ọ́ọ̀p NÉPÀ!"

Àkàngbé gbọ́ igbe ayọ̀ yẹn, ó gbọ́ igbe ẹ̀rọ, ó wá gbọ́ igbe kẹta. Ó sáré wọlé. Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ìka mẹ́ta ti lọ lọ́wọ́ ọ̀tún Morákinyọ̀, àtàǹpàkò wà nínú wọn. Dókítà rán ojú ọgbẹ́, kò lè dá ìka padà.

Alàájì dúró fún oṣù kan, ó wá gbé ilẹ̀kùn tó kù fún Àkàngbé. Ẹkún ni Àkàngbé fi gbà á. Ráútà eléérú ló lọ rà.

Ìṣó ni Morákinyọ̀ ń tà báyìí níwájú ṣọ́ọ̀bù, ọwọ́ òsì ló fi ń kà á. Ẹ̀rọ Àkàngbé ò pariwo. Ẹni tó ń kọjá ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́. Morákinyọ̀ nìkan ló ń gbọ́ ọ látàárọ̀ dalẹ́. Tí iná bá sì dé, tí tọmọdé-tàgbà hó yèè, á yára ki ọwọ́ ọ̀tún bọ abíyá, á sì gbójú sílẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ rèé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra irinṣẹ́, ẹ má ra àwọ̀, ẹ má ra ariwo. Ẹ bi ẹni tó ń tà á léèrè bí yóò ṣe dúró nígbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó dúró, kẹ́ ẹ sì rántí irú iná tó wà ládùúgbò yín. Bí àgbà bá tún ń bi yín ní ìbéèrè kan náà lójoojúmọ́, ẹ dá a lóhùn, torí ọjọ́ tó bá dákẹ́ ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù. Èmi tí mi ò kàwé, gbogbo ìlú tí mo dé ni mo ti máa ń béèrè. Ìka mi mẹ́wẹ̀ẹ̀wá rèé, wọ́n pé.